Ọtí Tí A Ní Ó Jóná

Ní ilé wa ní Adja-Ouèrè, bí ọtí àna bá dé, ẹnu mi ló ń kọ́kọ́ kàn nínú ẹbí. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju àwọn tó kù lọ. Sódàbì ni mò ń sè lójú ọ̀nà Ikpinlè. Mo ń gé ọ̀pẹ lulẹ̀, mo ń gba ẹmu inú rẹ̀, màá jẹ́ kí ẹmu náà kan, màá dà á sínú àgbá, màá dáná sábẹ́ rẹ̀. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, á máa kán sínú ìgò díẹ̀díẹ̀. Ẹbí wá fẹnu kò pé ẹni tó ń se ọtí ni yóò mọ ọtí.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Àna tó gbé ọtí wá yóò kọ́kọ́ mu díẹ̀ lójú wa, kí a lè mọ̀ pé kò sí nǹkan búburú nínú rẹ̀. Èmi ni yóò tẹ̀ lé e, láti sọ bóyá ọtí náà yẹ fún àwọn baba wa tó ti kú. Bí mo bá ní ó yẹ, olórí ẹbí á ta díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ọ̀rọ̀ ìyàwó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá yẹ, a ó dá ìgò padà fún ẹni tó gbé e wá, òun àti ìran rẹ̀ á sì gba ọ̀nà ilé wọn lọ.

Àwọn ènìyàn rò pé iṣẹ́ akọni ni. Ẹ̀rù tó máa ń bà mí kò ṣeé fẹnu sọ. Màá máa wo ojú àna tó kọ́kọ́ mu, bóyá ó máa ṣẹ́jú lódì. Bí ó bá nu òógùn, òógùn á bò mí. Ìyàwó mi ní ọjọ́ tí ẹnìkan bá fẹ́ pa mí, kò nílò májèlé rárá, kí ó ṣáà ti wúkọ́ lójú mi.

Ìgbà tí mò ń sọ yìí, Dàhòmè ni orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́. A ti gba òmìnira, a sì ti ń gbàgbé iye ààrẹ tó ti wá tó sì ti lọ, ṣùgbọ́n ìjọba sójà kò tí ì bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo wa ní kamarádì lórí rédíò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kú, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ní “rárá,” kí o yáa lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ó ti sọ “rárá” fún gbogbo ọkùnrin tí ẹbí fẹ́ràn. Nígbà tó wá sọ “bẹ́ẹ̀ ni” fún ọmọkùnrin Kpoulou kan, gbogbo wa mí kanlẹ̀.

Ọmọkùnrin yìí ń se oúnjẹ fún òyìnbó kan tó ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo ṣe. Òyìnbó náà kì í ṣe Faransé. Ekọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe ilẹ̀ rẹ̀, ó wà lókè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní òtútù ibẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tó ń padà sílé, ó fi ìgò wísíkì mẹ́ta ta ọmọkùnrin náà lọ́rẹ. Ẹlòmíràn ì bá pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n mu ún tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Òun kò ṣí ọ̀kankan. Ó ní ọtí tí òun yóò fi tọrọ ìyàwó nìyẹn.

Wọ́n dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àgbà ilé wọn. Olórí ẹbí wa jókòó sórí àpótí. Àbúrò bàbá mi ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì.

“Kí lẹ gbé wá yìí?”

“Wísíkì ni, bàbá mi,” ọmọkùnrin náà dáhùn, àyà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. “Ilé kan ṣoṣo ló se ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í pò ó mọ́ ti ilé mìíràn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tọ́ wò á mọ ibi tí wọ́n ti sè é.”

“Bí a ṣe ń mọ sódàbì Ikpinlè yàtọ̀ sí ti Kpoulou.”

“Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, bàbá mi.”

“Ti Kpoulou kò sì tó ti Ikpinlè.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, bàbá mi. Ìyá mi ń gbọ́ o.”

A rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ń lọ bí ó ti yẹ kó lọ. Olórí ẹbí nawọ́ sí ìgò tó dúdú jù láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. “Ẹ ṣí èyí.”

“Bàbá mi, bóyá kí a kọ́kọ́ fi èyí tó mọ́—”

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ yan èyí tí àwọn baba wa máa mu?”

Ọmọkùnrin náà gbé ìgò náà. Ó ṣí ìgò dúdú, ó dà á sínú ahá, ó mu. Omi lé ròrò sí i lójú. Mo wo omi ojú yẹn bí ẹni tó rí ejò lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Mo gba àdúrà tí mo mọ̀, mo gba èyí tí n kò mọ̀, mo gbé ahá sẹ́nu.

Òórùn tó kọ́kọ́ gbá mi nímú ni ti ilé ìwòsàn, oògùn pupa tí wọ́n ń fi sí egbò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni èéfín dé, èéfín gidi, bí ẹni pé mo ki orí bọ inú àdògán.

“Èéfín!” ni mo wí. N kò tí ì gbé e mì tán.

Ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè máa rò pé kí ló burú nínú èéfín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí ẹni tó ń se sódàbì bá ya ọ̀lẹ, tí kò sẹ́ ẹmu rẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sílẹ̀ sí ìdí àgbá. Bí iná bá pọ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á jóná mọ́ ìdí àgbá náà, gbogbo ọtí tó bá jáde lọ́jọ́ náà á sì máa run èéfín. Ọtí jíjóná kò ní ojú ọjà. Ọ̀mùtí tí kò mọ adùn mọ́ là ń gbé e fún. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ lọ síwájú àna ti sọ láìla ẹnu pé, “Ọmọ yín kò ju báyìí lọ lójú wa.” Ní ilé wa, a kò mọ ọ̀nà mìíràn tí èéfín lè gbà wọ inú ọtí.

Olórí ẹbí gba ahá lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀, kò tilẹ̀ tọ́ ọ wò. Ó dìde.

“Ó jóná. Ẹ kó ìgò yín.”

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn—”

“Ẹ kó ìgò yín, mo wí.”

Ìyá ọmọkùnrin náà ló kó wọn. Ó fi aṣọ orí rẹ̀ wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìkọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Kò kí ẹnikẹ́ni tó fi jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi lẹ́bàá àgbá. Ó kúnlẹ̀, kò sì dìde nígbà tí mo ní kó dìde.

“Bàbá, ṣé ó jóná lóòótọ́?”

“Èéfín wà níbẹ̀.”

“Mo gbọ́ pé èéfín wà níbẹ̀. Mo ní ṣé ó jóná?”

Mo ti gbé ọtí náà mì, mo sì ti ń retí ìkorò tó máa ń gbẹ̀yìn ọtí jíjóná, èyí tó máa ń dúró sí ìdí ahọ́n bí gbèsè. Láti òwúrọ̀, kò tí ì dé.

“N kò ní kí ẹ purọ́ nítorí mi,” ọmọ náà wí. “Bí ó bá jóná, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, màá jókòó sílé yìí títí màá fi darúgbó. Ṣùgbọ́n n kò ní fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ tún un tọ́ wò. Ẹ tọ́ ọ wò dáadáa.”

Ẹ̀rù olórí ẹbí bà mí. Ẹ̀rù ìyá ọmọkùnrin yẹn bà mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti rí ọmọ òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, tí kò sunkún, tó kàn ń wò ó, ìbẹ̀rù á di nǹkan tí ó ní láti gbé dání lọ ibi tó ń lọ. Mo ní, “Dìde. Màá lọ sí Kpoulou lọ́la.”

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ dúdú wa mọ ohun tí mò ń sọ: ó lẹ̀ mọ́ táyà, ó lẹ̀ mọ́ bàtà, ó lẹ̀ mọ́ ọkàn ènìyàn. Kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó gbé mi, èmi ni mo gbé kẹ̀kẹ́ wọ Kpoulou. Ìyá ọmọkùnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Olóyè Ahọ́n. Ṣé èéfín ilé wa lẹ wá gbọ́ ni? Àdògán wà lẹ́yìnkùlé, ẹ kọjá síbẹ̀.”

“Ẹ má bínú, ìyá. Ọtí yẹn ni mo wá tún tọ́ wò.”

“Ọtí tó jóná?”

“Mo ní èéfín. N kò ní ó jóná.”

“Ẹ kò sì ní kò jóná!”

Ó bá mi níbi tó dùn mí. Mo jókòó sórí amọ̀, mo sì pinnu pé bí ó bá fẹ́, kó da omi lé mi lórí, n kò ní kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ó gbé ahá mẹ́ta síwájú mi, àti omi, àti ẹ̀kọ tútù tí màá máa jẹ láàárín kí ẹnu mi lè mọ́. Wọ́n ti mọ iṣẹ́ ẹnu ní Kpoulou náà, màá sọ òtítọ́.

Ìgò àkọ́kọ́ mọ́ bí omi oyin. Òórùn òdòdó ọsàn ló kọ́kọ́ wá, oyin tẹ̀ lé e, ó sì lọ láìda ilé rú. Èkejì pọ́n díẹ̀. Ó wúwo lẹ́nu, ó dùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa tí wọ́n wá dín. Ọmọkùnrin náà ní inú àgbá igi tí wọ́n ti fi ọtí èso sí rí ló sùn sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ní kí ó má tíì da ẹ̀kẹta, ìgò dúdú yẹn. Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo mí, mo padà wá.

“Ẹ̀rù ń ba bàbá,” ìyá náà wí.

“Ó ń bà mí, ìyá. Ẹ jẹ́ kó máa bà mí, ẹ dà á.”

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò jẹ́ kí ẹnu mi yára. Èéfín náà wọlé bí ti àná, oògùn ilé ìwòsàn sì tẹ̀ lé e. Mo fi í sábẹ́ ahọ́n, mo dúró dè é. Èéfín kọjá. Iyọ̀ díẹ̀ wá lẹ́yìn rẹ̀, adùn ọkà sì wá lẹ́yìn iyọ̀. Mo gbé e mì, mo sì wá ìkorò kiri gbogbo ìdí ahọ́n mi bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Kò sí níbẹ̀. Èéfín ọtí jíjóná máa ń gbẹ̀yìn ni, kì í sì í fẹ́ lọ. Èyí ló kọ́kọ́ dé, òun náà ló sì kọ́kọ́ lọ.

“Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?” ni mo bi ọmọkùnrin náà.

“Ilẹ̀ ni wọ́n ń jó, bàbá mi. Ọ̀gá mi sọ fún mi. Inú àbàtà ni wọ́n ti ń gé e bí ìgbà tí ènìyàn ń gé búrẹ́dì. Wọ́n á sá a, á gbẹ, wọ́n á fi dáná. Orí èéfín rẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ ọkà sí, kí wọ́n tó fi ọkà náà ṣe ọtí.”

Mo wo ẹsẹ̀ mi tí amọ̀ dúdú kùn dé orúnkún. “Ilẹ̀ tiwa, bí o bá jó o, ìkòkò ló máa dà.”

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín kí ó tó rántí pé òun ń bínú.

Wọ́n gbé ìgò dúdú náà fún mi. Mo padà sí Adja-Ouèrè, mo lọ bá olórí ẹbí tààrà, kí ìgboyà mi má baà tutù. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

“Ẹnu tó ní èéfín lánàá ló ní adùn lónìí? Wọ́n ti fún ọ mu yó ní Kpoulou.”

“Bàbá, ẹ tọ́ ọ wò fúnra yín.”

“Kí n fi kí ni wé e? Mo ti dàgbà ju ẹni tó ń mu ọtí jíjóná lọ. N kò rántí bí ó ṣe rí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi délé. Òótọ́ ló sọ. Ènìyàn kì í fi ohun tí kò sí níwájú rẹ̀ wé nǹkan. Bí n óò bá mú kí ó mọ ìyàtọ̀, àfi kí n gbé ọtí jíjóná síwájú rẹ̀. Ta ló sì máa gbà fún mi pé òun ní irú rẹ̀ nílé? Kò sí ẹnìkan láti Ikpinlè dé Kpoulou. Mo pinnu láti jó tèmi.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Mo da ẹmu sínú àgbá láìsẹ́, gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ pátá. Mo ki igi sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi kọ̀. Bí mo bá ki igi kan sí i, ọwọ́ kejì á ti fẹ́ fa òmíràn jáde. Ìyàwó mi sáré wá láti ìdí ọlọ.

“Bàbá ilé, iná yẹn ti pọ̀ jù!”

“Mo mọ̀.”

“Ó ti ń rùn!”

“Jẹ́ kó rùn.”

“Ó ń jóná o! Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí, ọtí ń jóná, ọkọ mi sì jókòó tì í!”

“Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Bá mi gbé igi yẹn wá.”

Ó gbé igi náà wá, ṣùgbọ́n ó jù ú sílẹ̀ níbi tí yóò ti bà mí lẹ́sẹ̀. Aládùúgbò wa tí òun náà ń se sódàbì kọjá, ó di imú rẹ̀ mú, ó kí mi pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá! Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?” Títí òun náà fi kú, ó ń sọ ìtàn ọjọ́ yẹn ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń mutí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ahá méjì síwájú olórí ẹbí. Mo da ọtí mi jíjóná sínú ọ̀kan, mo da wísíkì inú ìgò dúdú sínú èkejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, jókòó nítòsí, ó ń yọ àgbàdo lára ṣúkù.

“Ta ló jó èyí?” olórí ẹbí bi mí nígbà tó gbóòórùn ti àkọ́kọ́.

“Èmi ni, bàbá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jó o.”

Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó bá jó ọtí ní láti fi pa mọ́ ni. Ó wo ojú mi, ó wo ahá, ó mu ti àkọ́kọ́. Ó fún ojú pọ̀. Ó mu omi. Ó mu èkejì. Ó padà sí ti àkọ́kọ́. Ó tún padà sí èkejì.

“Èéfín ni méjèèjì,” ó wí.

Mo tún sún ahá wísíkì síwájú rẹ̀.

“Gbé e wá,” Ìyá wí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó tọ́ wísíkì náà wò bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sì tún un tọ́ wò. Ó nawọ́ sókè sí orí àjà, níbi tí àgbàdo wa ń gbẹ sí lókè iná ìdáná. “Àgbàdo orí àjà nìyí. Láti ìgbà tí mo ti wà láyé ni mo ti ń fi í ṣe ẹ̀kọ fún yín. Ta ló ti dá ẹ̀kọ mi padà rí pé ó jóná? Èéfín gun ọkà yìí ni, iná kò jó o.”

Olórí ẹbí tún mu díẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó gbé e mì.

“Kò jóná,” ó wí. “Kò dùn o. Ṣùgbọ́n kò jóná.”

N kò tí ì dìde láti dọ̀bálẹ̀ tí ó fi tún sọ̀rọ̀. “Mo ti lé wọn. Ọkùnrin tó tó mi kò lè lọ dúró níwájú ọmọdé kó máa ní ‘ẹ jọ̀ọ́.’” Ó ronú. Ó nawọ́ sí ìgò ọtí jíjóná tí mo gbé wá. “Gbé ìyẹn dání. A ń lọ sí Kpoulou.”

N kò mọ ohun tó ní lọ́kàn, mo sì ń bẹ̀rù pé ìjà ló fẹ́ lọ jà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, kò jókòó. Ó ní kí wọ́n pe gbogbo àgbà ilé náà jáde, àti ìyá ọmọkùnrin náà. Ó gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

“Ọtí tó jóná rèé,” ó wí. “Ilé wa la ti sè é. A kà á sí yín lọ́rùn, ọ̀dọ̀ wa ló wà.”

Ó da ọtí náà kún ahá, ó sì mu ún tán níwájú wọn. Gbogbo rẹ̀. Mo mọ ohun tó wà nínú ahá yẹn, èmi ni mo sè é, n kò lè mu ìdajì rẹ̀. Ó da òmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà gbá ẹnu mú. Nígbà tó gbé ti kejì sókè, ìyá ọmọkùnrin náà rìn wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ahá lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á sílẹ̀.

“Ó tó, bàbá,” ó wí. “A ti gbọ́. Ó tó.”

Ó wọlé, ó gbé ẹní jáde, ó tẹ́ ẹ. Ó fi àǹkárá rẹ̀ nu ibi tí olórí ẹbí wa máa jókòó sí. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó sì béèrè ohun tí ìyá ọkọ máa ń béèrè.

“Ìgbà wo ni ẹ máa mú ìyàwó wa wá fún wa?”

Olórí ẹbí la ẹnu, ohùn kò jáde. Iná ọtí yẹn ti dí i lọ́fun. Ó fọwọ́ tọ́ mi lẹ́yìn, bí ìgbà tí wọ́n bá ń ní kí ọmọdé jáde síwájú. Ẹ̀rù bà mí, dájúdájú. Mo dáhùn.

“Bí a bá ti ká àgbàdo tán,” ni mo wí.